Eré orí òkè ní méjì-méjì: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa TransRockies, níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ eré ìje tí a mọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá jù ló ń gba ipò kìíní. Àmọ́ eré ìje kan wà ní ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù nínú ẹni méjì ni wọ́n fi ń ka àkókò. TransRockies Run ni orúkọ rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n sábà máa ń sá a, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì fi ń sá a lórí àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Rocky Mountains.

Gbogbo ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 190. Tí èèyàn bá ro gbogbo òkè tí wọ́n ń gùn láàárín ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ó tó nǹkan bíi 6,000 mítà. Kì í ṣe títì ọlọ́dà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ o. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ni, tó kún fún òkúta, gbòǹgbò igi àti odò kéékèèké.

Ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré náà. Ní méjì-méjì ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún: ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, tàbí ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Lóde òní, wọ́n ti fàyè gba àwọn tó fẹ́ dá sá a, àmọ́ sísá a ní méjì-méjì yìí ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ilẹ̀ Yúróòpù náà ní irú tiwọn, Transalpine Run, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2005, tó máa ń gba orí àwọn òkè Alps kọjá láti Jámánì dé Ítálì.

Ẹlòmíì lè rò pé wọ́n kàn fi ẹnìkejì kún un kí eré náà lè dùn ni. Ó kọjá bẹ́ẹ̀. Níbi tó ga tó báyìí, ẹnìkejì rẹ lè rí ohun tí ojú ìwọ fúnra rẹ kò lè rí, ẹ̀mí èèyàn sì lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí.

Báwo ni òkè náà ṣe ga tó?

Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ni Chappal Waddi, ní ìpínlẹ̀ Taraba. Gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà. Ìlú Buena Vista, níbi tí TransRockies ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, wà ní nǹkan bíi 2,430 mítà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹni náà tó gbé ẹsẹ̀ kan rárá, ó ti wà níbi tó ga tó ṣóńṣó òkè tó ga jù nílẹ̀ wa. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń ṣọjà, ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sábà máa ń kọjá lórí Hope Pass, tó ga tó nǹkan bíi 3,800 mítà, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Twin Lakes. Ọjọ́ kẹta, wọ́n á gbéra ní Leadville, ìlú kan tó wà ní nǹkan bíi 3,100 mítà, ọ̀kan lára àwọn ìlú tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á gba Camp Hale, níbi tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ti kọ́ ìjà orí òkè láti 1942 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn náà ni Red Cliff, Vail, àti Beaver Creek tí wọ́n ń parí sí.

Àwọn tó ṣètò eré náà ló máa ń gbé ẹrù wọn láti bùdó kan sí èkejì, inú àgọ́ ni wọ́n sì ń sùn. Tílẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á tún gbéra. Ohun tó mú kó le nìyẹn: ara kò ráyè sinmi dáadáa, òkè mìíràn ti dé.

Kí ni òkè gíga máa ń ṣe fún ara?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ́síjìn kò pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ orí òkè. Bó ṣe rí gan-an kọ́ nìyẹn. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, nǹkan bíi 21 nínú 100 ni ọ́síjìn, yálà èèyàn wà létí òkun l'Ékòó tàbí lórí Hope Pass. Ohun tó yàtọ̀ ni bí afẹ́fẹ́ náà ṣe kì tó.

Ẹ fi wé àpò òwú tí wọ́n tò léra wọn nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ti ìsàlẹ̀ á kì pọ̀ nítorí gbogbo èyí tó wà lókè ló ń tẹ̀ ẹ́. Tòkè pátápátá á tú, á fúyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ṣe rí náà nìyẹn. Ẹni tó wà létí òkun, gbogbo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó wà ní 3,800 mítà, apá kan nínú rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, èémí kan tó bá mí sínú lórí Hope Pass, ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí ì bá rí létí òkun.

Ara kì í fọwọ́ lẹ́rán. Ojú ẹsẹ̀ ni mímí á yá sí i, ọkàn á sì máa lù kìkì. Láàárín wákàtí mélòó kan, kíndìnrín á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kó ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i, torí àwọn ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Àmọ́ iṣẹ́ yìí ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfúrufú láti etíkun dé Colorado lónìí, tó fẹ́ sáré lọ́la, ara rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ náà.

Ibi tí àìsàn òkè ti ń wọlé nìyẹn. Láti nǹkan bíi 2,500 mítà sókè ló ti lè mú èèyàn: orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀, àìróorun sùn. Kò mọ ọ̀dọ́ yàtọ̀ sí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tó lókun yàtọ̀ sí ẹni tí kò lókun. Sáré-sáré tó yá nílẹ̀ pẹrẹsẹ lè dùbúlẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tí kò yá tó o máa lọ ní tiẹ̀.

Èyí tó burú jù ni tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí tí ọpọlọ bá wú. Méjèèjì lè pa èèyàn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí wọ́n gbé onítọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, kí wọ́n sì wá dókítà. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ìgboyà borí.

Kí ló dé tí ẹnìkejì fi ṣe pàtàkì?

Ẹni tó bá ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ṣèṣe. Ṣùgbọ́n tí ọ́síjìn kò bá tó nínú ọpọlọ, ọpọlọ yìí kan náà lèèyàn fẹ́ fi mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ti mu ẹmu yó fẹnu ara rẹ̀ sọ bóun bá ti yó. Ohun tí yóò sọ ni pé kò sóhun tó ṣe òun.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú ẹnìkejì ni oògùn àkọ́kọ́ lórí òkè. Àwọn ohun tó yẹ kó máa wò nìwọ̀nyí:

– Ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ti dákẹ́ lójijì?
– Ṣé ó ń kọsẹ̀ léraléra, tàbí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí?
– Ṣé ó ti kọ oúnjẹ, tàbí ó ń bì?
– Ṣé tẹ́ ẹ bá bi í ní ohun kan, ìdáhùn rẹ̀ kò bá ìbéèrè mu?
– Ṣé ó ń wúkọ́, tí èémí rẹ̀ kò sì balẹ̀ kódà nígbà tó bá dúró?
– Ṣé ó ń gbọ̀n, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè fa síìpù aṣọ rẹ̀?

Ìdánwò kan wà tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ ní kó rìn lórí ìlà tó tọ́, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, bí ìgbà tí à ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Tí kò bá lè ṣe é, tó ń fì sọ́tùn-ún sósì, eré ti parí fún un lọ́jọ́ náà. Kò gbọ̀dọ̀ lọ sókè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dá sọ̀ kalẹ̀. Ẹnìkejì gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Kì í ṣe òkè nìkan, ojú ọjọ́ náà ńkọ́?

Bí èèyàn bá ṣe ń gùn sókè ni ooru ń dín kù. Ní gbogbo 1,000 mítà, ó lè dín ní nǹkan bíi dígírì Celsius 6 sí 7. Aṣọ tó tó èèyàn ní ìsàlẹ̀ lè máà tó o rárá lókè, pàápàá tí òjò bá ti rin ín, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́.

Ní Colorado, àrá àti mànàmáná wọ́pọ̀ lọ́sàn-án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìyẹn láàárín oṣù Keje sí Kẹjọ. Ní ṣóńṣó òkè tí igi kankan kì í hù, èèyàn ló ga jù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tètè gbéra láàárọ̀, tí wọ́n sì máa ń sa gbogbo agbára wọn láti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Ẹ̀kọ́ tó dunni jù nípa ojú ọjọ́ wá láti orílẹ̀-èdè China. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2021, èèyàn 172 bẹ̀rẹ̀ eré orí òkè oníkìlómítà 100 ní agbègbè Baiyin, ìpínlẹ̀ Gansu. Níbi tí wọ́n ti ń gun òkè lọ, atẹ́gùn líle, yìnyín àti òjò tó tutù bí omi dídì já lù wọ́n. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń dènà atẹ́gùn kò sí lára ohun tí wọ́n sọ di dandan fún wọn láti gbé dání, ọ̀pọ̀ ló sì wọ ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́. Èèyàn 21 ló kú, òtútù ló pa wọ́n. Liang Jing, ọ̀kan lára àwọn sáré-sáré tó gbajúmọ̀ jù ní China, wà lára wọn.

Darandaran kan tó ń da àgùntàn rẹ̀ lágbègbè náà ló gba àwọn mẹ́fà là. Ó ti sá sínú ihò àpáta nítorí òjò, ó dáná síbẹ̀, ó rí àwọn kan lára wọn, ó sì mú wọn wọlé. Eré àdásá lèyí, kì í ṣe ti méjì-méjì. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé bó bá jẹ́ méjì-méjì ni, gbogbo wọn ì bá yè. Àmọ́ ohun tí darandaran yẹn ṣe kò ju pé ó wo ojú ẹlòmíì, ó rí i pé kò dáa, ó sì dá a dúró. Iṣẹ́ tí ẹnìkejì wà fún gan-an nìyẹn.

Kí ni òfin eré náà sọ?

Nínú TransRockies, ẹni méjì tó jọ wọlé eré kò gbọdọ̀ jìnnà síra wọn ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Wọ́n máa ń ṣọ́ èyí ní àwọn ibùdó àyẹ̀wò. Àkókò tí ẹnìkejì nínú wọn bá wọlé ni àkókò ikọ̀ wọn. Bí Táyé bá dé láago mẹ́wàá, tí Kẹ́hìndé dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, àkókò Kẹ́hìndé ni wọ́n á kọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Tí ọ̀kan bá sì jáwọ́ pátápátá, ikọ̀ náà kò ní ipò mọ́.

Òfin kékeré yìí ló yí gbogbo eré náà padà. Kò wúlò fún ẹni tó lókun jù láti máa sáré lọ, kó wá dúró síwájú, kó máa wo aago. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ẹnìkejì rẹ̀ yá díẹ̀ sí i, kó má sì rẹ̀ ẹ́ jù fún ọ̀la.

Ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà nínú eré Leadville Trail 100, tí wọ́n ń sá lágbègbè kan náà. Ọdún 1983 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ìwakùsà Climax dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì pàdánù iṣẹ́. Àwọn ará ìlú wá ohun tó lè mú àlejò wá sọ́dọ̀ wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá sá kìlómítà 160 náà láàárín wákàtí 30, àmọ́ wọ́n gbà kí ẹnì kan bá a sáré ní apá tó gbẹ̀yìn. Wọ́n tiẹ̀ tún gbà kí ẹni yìí bá a gbé omi àti oúnjẹ. Wọ́n fi í wé ìbaaka tó máa ń ru ẹrù fún àwọn awakùsà láyé àtijọ́. Kò sẹ́ni tó ń wò ó bí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Báwo ni ẹni méjì ṣe lè jọ sá a láì sí ìjà?

Àgbà ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì tí kò gbọ́ra wọn yé, ńṣe ni wọ́n á da ẹrù náà nù. Àwọn ohun tó yẹ kí wọ́n fẹnu kò lé lórí rèé kí wọ́n tó gbéra.

Èkíní ni ẹni tí yóò ṣíwájú. Lórí òkè, ó dáa kí ẹni tó lọ́ra wà níwájú. Tí ẹni tó yá bá wà níwájú, kò ní mọ̀ ìgbà tóun sáré jù, ẹni ẹ̀yìn á sì máa fi gbogbo agbára rẹ̀ lé e títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹni tó lọ́ra ló wà níwájú, òun ni yóò mọ ìwọ̀n tí wọ́n á máa lọ, ẹni ẹ̀yìn á sì máa rí bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀.

Èkejì ni ẹrù. Ẹni tó lókun jù lọ́jọ́ náà ni kó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi okùn rírọ̀ so ìbàdí ara wọn pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè, níbi tí òfin bá ti gbà á, kí ẹni iwájú lè máa fa ẹni ẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ má fọkàn sí i pé ẹnì kan náà ni yóò máa lókun lójoojúmọ́. Ẹni tó ń fa okùn lónìí lè di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́la. Ẹni tó bá fi èébú fa ẹnìkejì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ojú lè tì í lọ́jọ́ kẹrin.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ àti omi. Ibi tó ga máa ń pa ìfẹ́ oúnjẹ lára èèyàn, bẹ́ẹ̀ ara ń lo agbára gidigidi. Kí wọ́n jọ máa jẹun lásìkò kan náà, díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀kan máa rán èkejì létí. Omi ṣe pàtàkì, àmọ́ mímu àmujù náà léwu, torí ó lè dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù. Kí wọ́n mu ún bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ wọ́n, kí wọ́n sì jẹ ohun tó ní iyọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹrin, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni ẹni tó lè sọ pé kí wọ́n padà. Ìsàlẹ̀, níbi tí ọpọlọ méjèèjì ti pé, ni kí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá sọ pé "ó tó," ó tó nìyẹn. Ẹnìkejì kò ní bẹ̀ ẹ́, kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ní ka owó tí wọ́n ti ná fún un.

Kí ni kí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe?

Ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, pàápàá ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀larọ̀dẹ. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀larọ̀dẹ wà nínú ewu gan-an níbi tí ọ́síjìn kò bá tó. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS náà, tí ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá jẹ́, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Eré àsápajúdé níbi gíga lè kó bá òun náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò ṣàìsàn rí nílé.

Tí ààyè bá wà, ẹ tètè dé ibẹ̀, kí ara lè mọ ibẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe sáré. Ẹ gbé jákẹ́ẹ̀tì òjò, ìbọ̀wọ́, fìlà, fèrè àti bùláńkẹ́ẹ̀tì pàjáwìrì dání, kódà tí oòrùn bá ń ràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹnìkejì yín dáadáa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá o. Ẹ wá ẹni tó lè sọ fún yín lójúkojú pé ojú yín kò dáa, kẹ́ ẹ sì gbà á gbọ́.